Àṣẹ Commit àti Ojú Tó Ń Wò Ó

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. A ní sọ́fítíwíà kékeré kan tí àwa mélòó kan jọ ń ṣiṣẹ́ lé lórí, èyí tó ń bá èèyàn fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Kò sówó níbẹ̀, kò sì sí ọ́fíìsì. Ẹni tó bá ráyè lálẹ́ ló ń ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa níbẹ̀ ló kọ ọ́ sórí WhatsApp pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí ohun tójú xz rí ni? Ẹ jẹ́ ká gba àṣẹ commit lọ́wọ́ gbogbo wa, kó ku ẹ̀yin àti ẹnìkan sí i. Ìyẹn ló máa jẹ́ ká sùn." (Àṣẹ commit ni ẹ̀tọ́ láti fi àyípadà wọ inú kóòdù tí gbogbo wa jọ ń lò; xz sì ni sọ́fítíwíà kan tó ń fún fáìlì pọ̀, tí ẹnìkan fi ọ̀nà ẹ̀bùrú pamọ́ sínú rẹ̀ lọ́dún 2024.) Àwọn kan fi àtàǹpàkò sí i. Ẹlòmíì dáhùn pé bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, òun ń bá tòun lọ, torí òun ò lè máa kó iṣẹ́ ọwọ́ òun dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣagbe.

Mi ò tètè dá wọn lóhùn. Bí mo bá ti ń kọ èsì ni mo ń pa á rẹ́, torí ẹlẹ́rìí tí àbúrò mi pè, òun gan-an ni ẹlẹ́rìí náà ń jẹ́rìí takò. Gbogbo ìgbà tí a bá dárúkọ xz láti fi sọ pé ká dín àwọn tó ní àṣẹ kù, ìtàn náà ò yé wa tó bí a ṣe rò.

Ẹni tó bá yọjú ń gbà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ síbi tí wọ́n ti ṣe òdìkejì ohun tí àbúrò mi ń fẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2005, Audrey Tang, ọmọ Taiwan tó padà di mínísítà lórílẹ̀-èdè rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó pè ní Pugs. Ó fẹ́ fi èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Haskell kọ ohun tí yóò lè ka Perl 6, èdè kọ̀ǹpútà míì, tí yóò sì máa ṣe ohun tí wọ́n bá fi kọ. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń ṣèlérí Perl 6 yìí, tí ẹnikẹ́ni ò sì rí i lò. Ọ̀rọ̀ àṣẹ commit kò le níbẹ̀ rárá: bí o bá yọjú sórí IRC, ibi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí o ní nǹkan kan ò tọ́, wọ́n á fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ọ pé kí o lọ tún un ṣe. Ẹni tó wá ráhùn á bá ara rẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn tó ní àṣẹ ti lé ní igba.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí fúngbà àkọ́kọ́ á rò pé rúgúdù ló máa dá sílẹ̀. Àmọ́ ṣe ni iṣẹ́ ọ̀hún ń sáré. Ohun tó gbè é nídìí ni pé kò sí ohun tí ẹnìkan lè bà jẹ́ tí ẹlòmíì ò lè dá padà sípò, torí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú gbogbo àyípadà àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Àwọn ìdánwò tún wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé ò gbọ́ Haskell rárá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí Perl 6 máa ṣe. Wọ́n wá ń kọ ìdánwò: bí mo bá kọ báyìí, báyìí ló yẹ kó dá mi lóhùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni wọ́n kọ. Bí ẹnìkan bá wá ba nǹkan jẹ́, ìdánwò á ti ké gbàjarè kí èèyàn tó débẹ̀.

Pugs fúnra rẹ̀ dákẹ́ láàárín ọdún díẹ̀. Àwọn ìdánwò yẹn ò bá a kú. Wọ́n di àkójọ tí wọ́n ń pè ní roast, tí wọ́n fi ń díwọ̀n ohunkóhun tó bá pe ara rẹ̀ ní Perl 6, títí tí ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí fi jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2015. Raku ni wọ́n ń pe èdè náà láti ọdún 2019. Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn: ohun tó lágbára jù nínú iṣẹ́ náà, ohun tí gbogbo ìlànà ìyókù dúró lé, ọwọ́ èrò tí wọ́n fún ní àṣẹ láìbéèrè ẹ̀rí ló ti wá.

Kí n má parọ́ o, kò sí báńkì kankan tó ń fi Pugs ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tí olè ń wá lọ síbẹ̀. Torí náà, mi ò lè mú Pugs nìkan lọ bá àbúrò mi.

Oṣù kẹfà ọdún 2022

Ìtàn xz ti dé etí gbogbo ẹni tó ń kọ kóòdù, mi ò ní tún un sọ látòkèdélẹ̀. Ìparí rẹ̀ ni àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ. Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú dátà, ń wọn ìyára nǹkan lórí Debian, ọ̀kan lára ẹ̀dà Linux, sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé nípasẹ̀ ssh, ọ̀nà tí èèyàn fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, tí kì í gbà ju 0.3 ìṣẹ́jú àáyá lọ, ti ń gba 0.8. Ó wá ìdí rẹ̀ kàn, ó sì tú àṣírí ọ̀nà ẹ̀bùrú náà síta lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí bìrí ti ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú, ní oṣù kẹfà ọdún 2022, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ki nǹkan burúkú kankan bọ inú xz.

Lasse Collin ní Finland ló ti ń bójú tó xz fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun nìkan. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i láti ìparí ọdún 2021, àtúnṣe gidi tó wúlò. Ni orúkọ méjì kan bá yọjú, Jigar Kumar àti Dennis Ens. Wọ́n ń fi lẹ́tà gún Collin nídìí ní gbangba: kí ló dé tí àtúnṣe ń pẹ́ tó báyìí, kí ló dé tí kò fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́? Ẹnikẹ́ni ò mọ àwọn méjèèjì ṣáájú ìgbà yẹn, wọn ò sì gbúròó wọn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà lónìí pé àwọn àti Jia Tan, ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Collin fèsì. Ó ní iṣẹ́ náà ò tíì sú òun, àmọ́ àìlera ọkàn tó ti ń bá òun fínra tipẹ́ kò jẹ́ kí òun lè ṣe tó bó ṣe yẹ. Ó rán wọn létí pé òun ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ó wá fi kún un pé Jia Tan ti ń ran òun lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ipa rẹ̀ pọ̀ sí i lọ́jọ́ iwájú.

Mo ka lẹ́tà yẹn, mo tún un kà. Mi ò rí ìwà òmùgọ̀ kankan níbẹ̀. Ẹni tó ti rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ẹnìkan ṣoṣo tó sì yọjú láti bá a gbé ẹrù náà, òun ló wá jí ẹrù gbé. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í merge fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ da àtúnṣe pọ̀ mọ́ kóòdù xz. Nígbà tó máa di oṣù kẹta, òun ló di kóòdù pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà 5.4.2, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ wá wò ó. Ṣé ibi tí wọ́n ti ń pín àṣẹ commit bí ẹni ń pín súyà ni ibí yìí? Rárá o. Ibẹ̀ há ju ibi tí àbúrò mi fẹ́ ká há tiwa dé lọ: ẹnìkan ṣoṣo ló ní gbogbo àṣẹ. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà mélòó kan fi tó láti tì í ṣubú. Ká ní èèyàn márùn-ún ló ní àṣẹ níbẹ̀, ta ni Jigar Kumar ì bá máa gún nídìí? Bí Jia Tan bá sì wọlé ṣe ẹni kẹfà, àwọn márùn-ún tó máa ka iṣẹ́ rẹ̀ ni ì bá bá níbẹ̀.

Ohun tí kò sí nínú git

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ló yà mí lẹ́nu jù, àwọn tó sì ń pariwo àṣẹ commit kì í dárúkọ rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, fáìlì ìdánwò méjì wọ inú xz. Ọ̀kan ń jẹ́ bad-3-corrupt_lzma2.xz, èkejì ń jẹ́ good-large_compressed.lzma. Fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀ ni; bí o bá ṣí wọn, ràdàràdà lo máa rí. Inú wọn ni wọ́n tọ́jú oró náà sí. Àmọ́ oró yẹn ò lè jí fúnra rẹ̀. Ohun tó ń jí i wà nínú fáìlì míì, build-to-host.m4, èyí kò sì sí nínú git, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù àti gbogbo àyípadà rẹ̀ sí, rárá. Inú tarball, ìyẹn àpò fáìlì tí wọ́n ń fún ará ìta, tí Jia Tan fọwọ́ ara rẹ̀ dì fún ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 nìkan ló wà. Irú tarball bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń kó sọ́fítíwíà jọ fún Debian àti Fedora máa ń mú lò.

Ìyẹn ni pé, bí ẹnìkan bá jókòó tó ka gbogbo commit xz láìfo ìlà kan, kò ní rí ohun tó ń jí oró náà. Àṣẹ commit nìkan ò lè ṣe iṣẹ́ ibi yẹn parí. Àṣẹ láti di ẹ̀dà, kí o sì fi orúkọ iṣẹ́ náà lé e lórí, ló parí rẹ̀. Ó kàn ti mọ́ wa lára láti fa àṣẹ méjèèjì lé ẹnìkan náà lọ́wọ́ ni.

Àwọn commit gan-an ò sì mọ́ tónítóní. Ní oṣù kan náà, àyípadà kan wọ inú CMakeLists.txt, níbi tí xz ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kọ̀ǹpútà ní Landlock, ohun tó ń sé sọ́fítíwíà mọ́ àyè tirẹ̀ kó má baà nawọ́ sí ohun tí kò kàn án. Ọ̀nà tó ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò ni pé ó ní kóòdù kékeré kan tó máa gbìyànjú láti compile, ìyẹn láti sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò. Bó bá compile, Landlock wà nìyẹn. Jia Tan fi àmì ìdánudúró kan síbẹ̀, òun nìkan lórí ìlà tirẹ̀. Kóòdù náà ò lè compile mọ́ láéláé, àbájáde rẹ̀ sì ni pé Landlock ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, láìsí ariwo kankan. Ẹ̀yìn ìgbà tí àṣírí tú ni Collin rí i, tó yọ ọ́ kúrò.

Àwa tó ń kọ Yorùbá mọ ohun tí àmì kékeré lè dá sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹnìkan fi àkójọ ọ̀rọ̀ tó tún ṣe ránṣẹ́ nígbà kan. Àwọn méjì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dáa, torí lójú, kò sí ohun tó yàtọ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé sọ́fítíwíà tí ẹni náà fi kọ ọ́ ti tú gbogbo "ẹ" palẹ̀: dípò lẹ́tà kan ṣoṣo tí Unicode ń pè ní U+1EB9, "e" lásán ló wà níbẹ̀, tí àmì ìsàlẹ̀ U+0323 tẹ̀ lé e. Lórí skírìnì, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá wá "ẹja" nínú àkójọ náà á ní kò sí. Ìdánwò kan tí ọmọ yunifásítì kan kọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ló tú u fó. Ọmọ náà wà lára àwọn tí àbúrò mi fẹ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Wákàtí mélòó kan péré

Ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2021, commit méjì wọ inú kóòdù PHP, ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ Rasmus Lerdorf tó dá èdè náà sílẹ̀, èkejì pẹ̀lú orúkọ Nikita Popov. Àwọn kọ́ ló fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé àṣìṣe ìkọ̀wé lásán ni àwọn ń tún ṣe. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni pé bí ẹnìkan bá fi "User-Agentt", pẹ̀lú "t" méjì lẹ́yìn, ránṣẹ́ sí sáfà, tí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "zerodium", sáfà náà á ṣe ohunkóhun tó bá ní kó ṣe.

Bí a bá ń wo ẹnu ọ̀nà nìkan, èyí burú ju ti xz lọ. Ẹni náà ò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ, orúkọ àwọn ọ̀gá ló jí lò. Síbẹ̀, kò ju wákàtí mélòó kan lọ tí wọ́n fi rí i, kò sì wọ inú ẹ̀dà kankan tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ohun tó fà á ò kọjá pé ó ti mọ́ àwọn kan lára níbẹ̀ láti máa ka commit tó bá ti wọlé, ti ọ̀gá àti ti ọmọṣẹ́. Ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń bá a wò ó. Bí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún orúkọ Lerdorf débi tí wọn ò fi ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti ro èyí ni mo ti yí ìbéèrè mi padà. Mi ò béèrè mọ́ pé èèyàn mélòó ló ní àṣẹ. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, bí commit burúkú bá wọlé lálẹ́ òní pẹ̀lú orúkọ ẹni tí a fọkàn tán jù, ìgbà wo ni ẹlòmíì máa tó kà á? Ní PHP, kò pé ọjọ́ kan. Ní xz, a ò lè sọ, torí kò sí ẹlòmíì.

Akápò kì í dá ṣẹ́ẹ̀kì sán

Àwọn ìyá wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti mọ èyí tipẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ ló lè mú owó wá, kó yá owó, kó ní kí wọ́n ka ìwé ìṣirò síta lójú ìpàdé. Àmọ́ ṣẹ́ẹ̀kì ò ní jáde bí alága, akọ̀wé àti akápò ò bá fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó máa ní, nítorí pé owó lè sọnù, kí wọ́n má gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun mọ́. Wọn ò sì ní torí pé akápò ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́, kí wọ́n fún un ní ìwé ṣẹ́ẹ̀kì lọ sílé pé kó máa ná an.

Nínú sọ́fítíwíà, a máa ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó lè kọ ló lè merge, ẹni tó lè merge ló lè di ẹ̀dà. Pieter Hintjens tó wà lára àwọn tó dá sọ́fítíwíà ZeroMQ sílẹ̀ rí ibi kan nínú wàhálà yìí. Nínú òfin tó kọ fún iṣẹ́ náà, èyí tó pè ní C4, ó ní kí àwọn alábòójútó má máa merge àtúnṣe ara wọn, àfi bí àwọn yòókù bá dákẹ́ jù. Ó tún ní kí wọ́n tètè máa merge iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì, kódà bí kò bá tíì pé, torí ẹni tó rí àléébù níbẹ̀ lè fi àtúnṣe míì lé e. Mo gba apá àkọ́kọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Apá kejì dáa fún inú ilé, ó sì ń mú àlejò fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àmọ́ mi ò ní gbà kí ẹ̀dà tí ará ìta máa lò tinú irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ jáde tààrà.

Bí mo bá ti sọ báyìí, ẹnìkan á sọ pé, Linux ńkọ́? Ṣé kì í ṣe Linus Torvalds nìkan ló ń kọ nǹkan sínú igi kóòdù tirẹ̀ ni? Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo bí nǹkan ṣe ń débẹ̀. Àwọn alábòójútó wà fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àtúnṣe ń gba ọwọ́ wọn kọjá, ẹni tí ó bá sì gba ọwọ́ rẹ̀ á fi Signed-off-by sí i pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2004. Nígbà tí Torvalds kọ git ní oṣù kẹrin ọdún 2005, olúkúlùkù wá ní ẹ̀dà kóòdù náà pẹ̀lú gbogbo ìtàn rẹ̀ nílé, ó lè commit bó ṣe wù ú láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń fi Linux ṣàpẹẹrẹ ilé tí wọ́n tì pa ò tíì wo ẹ̀yìn ilé náà.

Ó yẹ kó kan àgbà

Bí a bá sọ̀rọ̀ títẹ̀lé ìlànà nínú irú iṣẹ́ yìí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé là máa ń ní lọ́kàn. Èyí ló ń bí mi nínú jù nínú àbá tí wọ́n mú wá. Tuntun lẹ̀ ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ àgbà ni Jia Tan nígbà tó ṣe ohun tó ṣe. Ó ti lò ju ọdún méjì lọ níbẹ̀.

Ẹ wo àwọn ará OpenBSD, sọ́fítíwíà míì tó ń darí kọ̀ǹpútà. Theo de Raadt wà lára àwọn tó dá NetBSD, irú rẹ̀ kan, sílẹ̀, àmọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 1994, àwọn yòókù gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí bó ṣe ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn; ó ti pẹ́, ẹnu ò sì kò lórí rẹ̀ títí dòní. Ó lọ dá OpenBSD sílẹ̀ ní ọdún 1995, ohun tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tètè ṣe ni pé wọ́n ṣí ibi tí kóòdù wà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè máa kà á láìforúkọ sílẹ̀, èyí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò tíì ṣe rí nígbà yẹn. Kíkọ sínú rẹ̀ ló wá ní ààlà. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ commit wọn lónìí, ní ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ rẹ̀ lẹ máa rí "ok" àti orúkọ ẹlòmíì tó ti kà á. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì lásán, àwọn tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ sì ń wá a lọ́wọ́ ara wọn.

"Ok" náà ò ju ẹni tó sọ ọ́ lọ, ẹ má gbàgbé. Àṣìṣe tí wọ́n padà ń pè ní Heartbleed wọ inú OpenSSL, sọ́fítíwíà tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2011, nígbà tó ku bíi wákàtí kan kí ọdún tuntun wọlé. Ẹlòmíì ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé. Ó lò ju ọdún méjì lọ, títí di oṣù kẹrin ọdún 2014, kí gbogbo ayé tó gbọ́. Àwọn tó ń bójú tó OpenSSL nígbà náà kéré gan-an sí ẹrù tó wà lórí wọn. Bí ojú kejì bá ti rẹ̀, kò yàtọ̀ sí ojú kan.

Ohun tí mo padà kọ sínú ẹgbẹ́ wa nìyí. Ẹnikẹ́ni ò ní pàdánù àṣẹ. Ẹnikẹ́ni, títí kan èmi, ò ní merge iṣẹ́ ara rẹ̀. Fáìlì tí ojú ò lè kà kò ní wọlé bí ẹni tó mú un wá ò bá mú kóòdù tó fi ṣe é wá pẹ̀lú. Ẹ̀dà tí a bá tẹ̀ jáde, kọ̀ǹpútà ni yóò máa dì í látinú git ní gbangba, kì í ṣe látorí laptop ẹnikẹ́ni, èèyàn méjì ló sì máa fọwọ́ sí i. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó yé mi, àmọ́ ó máa fa nǹkan sẹ́yìn o." Òótọ́ ló sọ. Mo ní àtúnṣe ìlà méjì tó ń dúró de ẹni tó máa kà á bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ní bọ́tìnì tí mo lè fi fò ó kọjá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà mí gbọ́ débi tí màá fi tẹ̀ ẹ́.

Èyí tí a ò tíì rí ojútùú sí ni ti ẹni tó ń kà. Ẹni tó kọ ohun tuntun, orúkọ rẹ̀ á jáde, á fi sórí CV, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ á kí i. Ẹni tó fi alẹ́ rẹ̀ ka kóòdù ẹlòmíì, tó rí àṣìṣe kan tó sì jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, ta ló mọ̀? Ohun tí Collin ń sọ lọ́dún 2022 nìyẹn nígbà tó ní òun ò gba owó, tí wọ́n ní kó yára. A ti ń kọ orúkọ àwọn tó ka iṣẹ́ pọ̀ mọ́ orúkọ àwọn tó kọ ọ́ nínú ìwé tó ń bá ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan jáde. Ìyẹn dùn mọ́ wọn, àmọ́ kò lè ra dátà. Ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá a lè máa dá owó dátà fún ẹni tó bá ń ka iṣẹ́ lóṣù kọ̀ọ̀kan, ká máa yí i po láàárín ara wa. A ò tíì fẹnu kò lórí iye rẹ̀.